Ìyọláàyè ni, kì í ṣe Ìyàsọ́tọ̀

Wọ́n tún ti túmọ̀ "chloroplast isolation", ìyẹn yíyọ kilọ́rópílásítì (ẹ̀yà wínníwínní aláwọ̀ ewé tí ewé fi ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ) kúrò nínú ewé, sí "ìyàsọ́tọ̀ kilọ́rópílásítì". Ta ló ń yà á sọ́tọ̀, fún ta? Wòlíì là ń yà sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn ní "ìpínyà", àfi bí ẹni pé òun àti ewé jà. Èyí tó burú jù ni "yíyọ àwọ̀ ewé". Ẹ rẹ ewé sínú sípírítì, àwọ̀ á jáde wọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n òkú ló jáde yẹn.

Ìyọláàyè lèmi ń pè é, torí ohun tí a yọ gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́. Olóòtú kan ti pa á rẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kilọ́rópílásítì kì í ṣe ẹ̀dá tó dá wà, kí ló kàn án kan ààyè? Ṣé aago kì í kú ni? Ọkọ̀ kì í kú sójú títì? Ohun tó bá lè kú ti wà láàyè rí nínú èdè wa. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Hill pàápàá gbè mí lẹ́yìn: lọ́dún 1937 ó fi hàn pé kilọ́rópílásítì tó ti kúrò nínú ewé ṣì ń tú ọ́síjìn jáde bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, tí ohun tí yóò gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún iná mànàmáná) bá wà níbẹ̀. Ní 1954, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Arnon, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé kilọ́rópílásítì tí a yọ ń sọ káábọ́ọ̀nù dàòksáídì di ṣúgà. Òkú wo ló ń ṣe ṣúgà?

Iṣẹ́ náà ńkọ́? Ó dà bí kéèyàn fọ́ ẹyin, kó sì fẹ́ kí pupa rẹ̀ jáde lódindi. Èèpo líle, ìyẹn ògiri sẹ́ẹ̀lì ewé, gbọ́dọ̀ fọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo pupa, ìyẹn awọ kilọ́rópílásítì, ò gbọdọ̀ ya. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ ewé spinach tàbí ewé pea fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré, nínú omi tútù nini tó ní sọ́bítọ́ọ̀lù, ohun kan tó jọ ṣúgà. Omi lásán á mú kilọ́rópílásítì wú títí á fi bẹ́. Wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i díẹ̀ kí kilọ́rópílásítì lè rọ̀ sísàlẹ̀. Ewé tó ti yáàrùn látàárọ̀ ò dáa: hóró sítáàṣì ti wúwo nínú rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ti ń yí, á gún awọ náà já láti inú.

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé awọ ò ya? Ẹ da ferricyanide, kẹ́míkà kan tó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, sí i, kẹ́ ẹ tan iná sí i, kẹ́ ẹ wọn ọ́síjìn tó jáde. Kò lè gba awọ odindi kọjá, nítorí náà ọ́síjìn tó bá jáde, ti àwọn tó ti ya ni. Ẹ wá fi omi lásán bẹ́ gbogbo wọn, kẹ́ ẹ tún ọ́síjìn wọ̀n. Ohun tó fi lé sí ti àkọ́kọ́ ni ti àwọn tẹ́ ẹ yọ láàyè.