Bí owó ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń lépa fentanyl

DEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Amẹ́ríkà, sọ pé mílígíráàmù 2 fentanyl, oògùn ìrora tó lágbára gan-an, lè pa ènìyàn. Orí ṣóńṣó pẹ́ńsùlù gba gbogbo rẹ̀. Inú kílógíráàmù 1, tí ènìyàn lè gbé sábẹ́ aṣọ, 500,000 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Héróìnì nílò oko, ó nílò òjò àti àgbẹ̀, ìjọba sì lè fi bàálù wá oko náà kàn. Fentanyl ò ní oko. Yàrá kan àti kẹ́míkà ti tó láti ṣe é. Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ kẹ́míkà náà ti ń wá sí Mẹ́síkò, níbi tí ẹgbẹ́ oníṣòwò oògùn olóró ti Sinaloa àti ti Jalisco ti ń pò ó, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ di hóró aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ M30 sí lára, kó lè jọ ojúlówó oògùn ìrora. Ẹni tó gbé e mì lè má mọ ohun tó wọ inú rẹ̀. Lọ́dún 2022 nìkan, ó lé ní 107,000 ènìyàn tí àlòjù oògùn pa ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní 73,000 nínú wọn tí fentanyl àti àwọn ẹbí rẹ̀, ìyẹn àwọn oògùn tí wọ́n ṣe bíi tirẹ̀, lọ́wọ́ sí ikú wọn.

Ibi tí kẹ́míkà ti ń wá ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti dí. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi NPP àti ANPP, kẹ́míkà méjì tí wọ́n fi ń ṣe fentanyl, sábẹ́ ìṣọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Ṣáínà fi gbogbo ẹbí fentanyl sábẹ́ òfin lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníṣòwò náà yíjú sí kẹ́míkà mìíràn tí òfin ò tíì dárúkọ.

Ẹnubodè ló kàn. Ẹnubodè tí ìjọba fọwọ́ sí gan-an, nínú mọ́tò àti ọkọ̀ ẹrù, ni wọ́n ti ń gbẹ́sẹ̀ lé èyí tó pọ̀ jù, kì í ṣe inú aṣálẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Òfin INTERDICT, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2018, ya mílíọ̀nù 9 dọ́là sọ́tọ̀ kí àwọn aṣọ́bodè lè ní ẹ̀rọ tó ń dá kẹ́míkà mọ̀. Ẹ wo òṣìṣẹ́ kan tó dúró ti ẹrù òkè òkun: ìyẹ̀fun funfun wà nínú ọ̀rá níwájú rẹ̀. Kò tú ọ̀rá náà. Ó gbé ẹ̀rọ tó mú dání lé e, iná lésà gba ara ọ̀rá wọlé, ẹ̀rọ náà sì fi ìmọ́lẹ̀ tó padà wé èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí fentanyl inú rẹ̀ bá kéré sí àdàlù tó kù, ẹ̀rọ náà lè má rí i, àfi kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Báwo ni òṣìṣẹ́ yìí ṣe mọ ọ̀rá tó yẹ kó yẹ̀ wò láàárín ẹgbàágbèje ẹrù? Òfin STOP ti ọdún 2018 ló pa á láṣẹ pé kí orúkọ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́, ẹni tó máa gbà á àti ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dé orí kọ̀ǹpútà kí ẹrù fúnra rẹ̀ tó dé.

Ibi tí owó ti ń ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù ni ètò tí wọ́n ń pè ní HIDTA, tó ń fún àwọn agbófinró lówó ní àwọn agbègbè tí òwò oògùn olóró ti gbilẹ̀. Ọdún 1988 ni òfin dá a sílẹ̀. Agbègbè 5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1990, wọ́n ti di 33 báyìí. Bí 300 mílíọ̀nù dọ́là ni ilé aṣòfin ń fún un lọ́dún. Àwọn agbófinró agbègbè ló máa ń bèèrè, wọ́n á fi hàn pé ojúkò oògùn olóró ni ọ̀dọ̀ àwọn àti pé àwọn náà ti ń fi owó ara wọn jà. Bí wọ́n bá gbà wọ́n wọlé, ìgbìmọ̀ kan ló ń pín owó náà, ìdajì ọmọ ìgbìmọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Àfikún owó iṣẹ́ alẹ́, owó ilé, owó tí ọlọ́pàá fi ń díbọ́n ra oògùn, owó ẹni tó ta wọ́n lólobó: ibẹ̀ ni owó náà ń lọ.

Ó tún ń lọ síbi kan tí aráàlú kì í rí. Ká ní ọlọ́pàá ìbílẹ̀ kan, nínú aṣọ ilé, fẹ́ ra oògùn nínú ilé kan ní aago méje alẹ́, tí ikọ̀ mìíràn sì ti múra láti já wọ ilé yẹn kan náà ní aago méje. Agbófinró á dojú ìbọn kọ agbófinró. Nítorí èyí, kí ẹnikẹ́ni tó jáde, ó ní láti fi àdírẹ́sì àti àkókò ránṣẹ́ sí ibùdó tí owó HIDTA ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bí méjì bá forí gbárí, wọ́n á pe ikọ̀ méjèèjì síra wọn. Ìpè kékeré yẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ààbò. Òun ló máa ń jẹ́ kí ikọ̀ méjì mọ̀ pé ọ̀daràn kan náà làwọn jọ ń lépa.

Ikú ènìyàn kan ni ẹjọ́ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù olóògbé ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ̀jíṣẹ́ ìkẹyìn ẹni tó tà á fún un ṣì wà nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá á gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, á fi owó tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ra oògùn lọ́wọ́ onítọ̀hún, á sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ tọ ẹni tó ń kó oògùn fún un lọ sókè. Lábẹ́ òfin àpapọ̀, 40 gíráàmù àdàlù tó ní fentanyl nínú ń fa ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán, 400 gíráàmù ń fa ọdún 10. Bí ẹnì kan bá ti ipa rẹ̀ kú, ọdún 20. Ibí yìí ló ń dun ni, nítorí òfin yẹn lè mú ọ̀rẹ́ tó kàn pín hóró kan fún ọ̀rẹ́, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì lè dá ọwọ́ ẹni tó yẹ kó pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, dúró. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ṣe òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó pè, ó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n.

Nínú owó HIDTA yìí náà ni ODMAP, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń tọpa àlòjù oògùn, ti jáde ní 2017. Bí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ áńbúláǹsì bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lo oògùn lálòjù, á tẹ ibi tó wà àti bóyá ó yè sórí àwòrán ilẹ̀ kan. Bí iye rẹ̀ láàárín wákàtí 24 bá kọjá ààlà, ìkìlọ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn agbègbè tó múlé gbè é, torí ọ̀nà tí oògùn náà gbà wá ló ṣeé ṣe kó gbà lọ. Àwọn tọ̀hún á ti kó naloxone, oògùn tó ń gba ẹni tó lo fentanyl lálòjù lọ́wọ́ ikú, sínú ọkọ̀ kí ìpè àkọ́kọ́ tó wọlé.