Ṣáájú Jukai: Ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́ Ni Ìmúrasílẹ̀ Wà

Nínú ìjọ Soto, ẹ̀ka kan nínú Zen, ìyẹn ẹ̀sìn Búdà ti ilẹ̀ Jàpáánì, jukai ni wọ́n ń pe ètò tí ẹni tí kì í ṣe mọ́ǹkì fi ń gba ìlànà Búdà níwájú ìjọ. Ètò náà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Ohun tó ń pẹ́ ni rakusu, aṣọ kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, tí ẹ máa fọwọ́ ara yín rán ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka gbogbo ìwé tó wà lórí ìlànà tán kí wọ́n tó rántí abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ kan, kí ẹ bẹ̀ ẹ́, kó sì gbà. Ìjọ púpọ̀ ló máa fẹ́ kí ẹ ti bá wọn ṣe zazen, àṣàrò orí ìjókòó, fún nǹkan bí ọdún kan. Bí olùkọ́ bá ní kẹ́ ẹ ní sùúrù, kò kọ̀ yín.

Ìlànà tí ẹ máa gbà jẹ́ 16. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni sísá di Búdà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni yíyàgò fún ibi, ṣíṣe rere, àti wíwúlò fún gbogbo ẹ̀dá. Mẹ́wàá tó kù ló ń mú òógùn jáde: má gba ẹ̀mí, má jalè, má ṣi ìbálòpọ̀ lò, má purọ́, má ta ọtí, má máa ka àṣìṣe ẹlòmíràn, má yin ara rẹ láti fi tẹ́ńbẹ́lú ẹnì kejì, má háwọ́, má di ìbínú sínú, má sọ̀rọ̀ àbùkù sí ìṣúra mẹ́ta, ìyẹn Búdà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọtí títà ni karùn-ún dárúkọ, kì í ṣe mímu. Ẹ má tìtorí èyí gbé ife. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ka ohunkóhun tó bá ń da ọkàn rú mọ́ ọn. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ ibi tí ìlànà kọ̀ọ̀kan ti máa há yín lọ́fun sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ fún olùkọ́. Ẹni tó bá ní kò sí èyí tó máa ni òun lára, ó ṣeé ṣe kó má tíì kà á dé ẹ̀kẹfà.

Ó wá ku ìránṣọ. Rakusu ni aṣọ kékeré onígun mẹ́rin tó ń rọ̀ sí àyà, tí ọ̀já méjì gbé kọ́ ọrùn. Kesa, aṣọ ńlá àwọn mọ́ǹkì, ni wọ́n wò ṣe é. Ìtàn ní Búdà ló ní kí Ananda, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, gé kesa bí oko ìrẹsì ilẹ̀ Magadha ní Íńdíà ṣe pín sí abala abala. Ìlà márùn-ún ló wà lójú rakusu, ègé gígùn kan àti kúkurú kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ní San Francisco, níbi tí olùkọ́ Zen kan, Shunryu Suzuki, dé láti Jàpáánì ní 1959, bùlúù tó ṣú bí aró ni àwọ̀ rakusu ọmọ ìjọ. Joshin Kasai, mọ́ǹkì obìnrin ará Jàpáánì, ló kọ́ wọn ní ìránṣọ yìí ní àwọn ọdún 1970, Zenkei Blanche Hartman ló sì gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, kò sí ti ẹ̀rọ níbẹ̀. Ẹ má sì gbé e fún télọ̀.

Ẹ ra aṣọ kọ́tìnì tí kò dán, tí kò sì ní àwòrán lára. Yáàdì kan ààbọ̀ á tó, á tún ṣẹ́kù fún àtúnṣe. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Èyí tí ẹ kò bá fọ̀ lè sún kì lẹ́yìn tí ẹ bá ti rán an tán, gbogbo ojú rẹ̀ á sì hunjọ.

Bí wọ́n ṣe ń rán an nìyí: abẹ́rẹ́ á yọ sókè, á padà wọlẹ̀ ní ẹ̀yìn ibi tó ti yọ, kò ní ju fọ́nrán òwú kan tàbí méjì lọ, á wá gba abẹ́ lọ síwájú bíi mìlímítà 3 kó tó tún yọ. Àmì tóótòòtó nìkan ni ojú máa rí lókè. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń wọlé, ẹ máa sọ ọ́ lọ́kàn: Namu kie butsu, mo sá di Búdà. Bí ẹ bá fa òwú le jù, aṣọ á súnra jọ. Ẹ máa fi àtàǹpàkò nà án lóòrèkóòrè. Àwọn tó mọ aṣọ rán tẹ́lẹ̀ gan-an lè jìyà níbí, torí ọwọ́ wọn ti yá jù.

Àṣìṣe tó ń dunni jù ni kí ìlà kan dorí kodò. Ègé gígùn àti kúkurú gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ipò láti ìlà kan sí èkejì, nítorí náà ẹ fi pín-ìnnì mú gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ sún sẹ́yìn wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó rán wọn pọ̀. Àmì tó wọ́ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ìlà tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ tú u lọ́jọ́ náà, torí yóò fa ìyókù wọ́.

Ẹ ya oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ má wọ̀ ọ́ wò. Ẹ béèrè ọjọ́ tí olùkọ́ ń fẹ́ gbà á, torí ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ orúkọ tuntun tó fún yín sára aṣọ funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́, tí ìrán kò sì tíì parí, ẹ ní kí wọ́n sún tiyín sí ìgbà mìíràn. Èyí sàn ju kí ẹ máa fi òru rán an lọ.

Lọ́jọ́ náà, ẹ máa ka ẹsẹ ìjẹ́wọ́, wọ́n á wọ́n omi sí yín lórí, wọ́n á bi yín lórí ìlànà bóyá ẹ máa pa á mọ́, ẹ ó sì dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gba rakusu àti kechimyaku, ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn olùkọ́ sí láti orí Búdà dé orí yín, tí ìlà pupa kan so gbogbo wọn pọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ máa gbé rakusu lé orí ní kíká, kẹ́ ẹ ka ẹsẹ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi kọ́ ọrùn. Ẹ má jẹ́ kó kan ilẹ̀, ẹ sì bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó wọ ilé ìyàgbẹ́.