“Ibi Tó Bá Ti Di Yìnyín, Ẹ̀mí Ò Sí Níbẹ̀”: Èrò Òdì Tó Ń Bá Èèyàn Wọkọ̀ ní Seward

Ní ìlú Seward, létí òkun Alaska, láti nǹkan bí oṣù March títí dé September, ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra láàárọ̀, á kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ gba Resurrection Bay lọ sí Kenai Fjords, ilẹ̀ ìpamọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè lọ́dún 1980. Ọ̀gá atukọ̀ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe amọ̀nà. Á di gbohùngbohùn mú, á ní, “Ẹ wo apá ọ̀tún, ẹran omi tí wọ́n ń pè ní ọ́tà ló léfòó síbẹ̀ yẹn,” gbogbo ojú á sì yí síbẹ̀. Wọ́n á rí kìnnìún òkun tó sùn gbalaja lórí àpáta ní Chiswell Islands. Wọ́n á rí pọ́fìn, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ dà bíi pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Bí oríire bá bá a dé, wọ́n á rí ìrù àbùùbùtán. Nígbà tó bá yá, ọkọ̀ á yà sí Aialik Bay, ògiri yìnyín tí àwọ̀ búlúù ń tàn nínú rẹ̀ á yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ lohun tó máa ń dùn mí ti ń ṣẹlẹ̀: àwọn èèyàn á ká awò awọ̀nàjíjìn wọn sínú báàgì, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á ní, “Ẹranko ti tán. Ó ku yìnyín.”

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Yìnyín tá a mọ̀ nílé, inú firísà ló wà, iṣẹ́ tá a sì gbé fún un ni pé kó má ṣe jẹ́ kí nǹkan yí padà: kí ẹran má rà, kí ẹja má bàjẹ́. Ńṣe ló ń dá nǹkan dúró. Nígbà tí ojú bá wá rí i tó ga bí ilé alájà púpọ̀, láìsí ewé, láìsí koríko, kíá lọkàn máa ń gbà pé ibi tó ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní etíkun Kenai, yìnyín yẹn gan-an ló ń tẹ́ ibùsùn fún ẹran omi, òun ló ń gbé oúnjẹ ẹyẹ wá sójú omi, ohun abẹ̀mí kan sì wà tí kò lè gbé níbòmíì àfi inú rẹ̀. Ẹranko àti yìnyín tí ọkọ̀ gbé yín lọ wò kì í ṣe ìran méjì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lẹ́yìn àwọn òkè tẹ́ ẹ̀ ń wò láti inú ọkọ̀, pápá yìnyín kan wà tí wọ́n ń pè ní Harding Icefield, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 1,800 níbùú lóròó. Atẹ́gùn tó rin gbingbin láti ojú òkun Gulf of Alaska máa ń fẹ́ kọ lu àwọn òkè yẹn, omi inú rẹ̀ á di ìrì dídì, á sì máa bọ́ sílẹ̀. Ti ọdún yìí á gorí ti èṣí, ti èṣí á gorí ti ìdúnta. Ìwọ̀n wọn á fún afẹ́fẹ́ jáde nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ títí wọ́n á fi di yìnyín líle. Tó bá ti wúwo tó báyẹn, kò lè dúró sójú kan mọ́. Á máa rọra ṣàn gba àfonífojì wá sísàlẹ̀. Ohun tó ń ṣàn kúrò lórí pápá kan ṣoṣo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì. Odò yìnyín la ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu wẹ́kú, torí odò ni lóòótọ́. Bó ṣe ń lọ ló ń lọ àpáta abẹ́ rẹ̀ kúnná, títí àpáta fi ń di ìyẹ̀fun. Omi tí ìyẹ̀fun yìí bá dà sí máa ń rí bíi wàrà.

Níbi tí odò yìnyín bíi Aialik tàbí Holgate ti kan òkun, ìdí rẹ̀ kì í ṣe ojú omi tẹ́ ẹ̀ ń wò. Ó rì lọ sísàlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó yọ́ lórí rẹ̀ á gba inú ihò àti ojú tó sán wọ abẹ́ rẹ̀, á sì tú jáde nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú òkùnkùn. Omi yẹn ò níyọ̀, bẹ́ẹ̀ omi òkun tó yí i ká níyọ̀. Omi tí kò níyọ̀ fúyẹ́ ju èyí tó níyọ̀ lọ, kò lè jókòó sísàlẹ̀. Á ru sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìnyín náà bí èéfín. Bó ṣe ń gòkè ló ń fa omi ìsàlẹ̀ mọ́ra, omi ìsàlẹ̀ yẹn sì kún fún èròjà tó ń bọ́ ewéko, ó tún kún fún àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín, edé kéékèèké wà lára wọn. Omi aláìníyọ̀ tó ká wọn mọ́ lójijì máa ń mú kí púpọ̀ nínú wọn dákú. Wọ́n á léfòó, wọn ò ní lè sá.

Ẹyẹ kittiwake mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí agbo ẹyẹ funfun tó ń pòyì níwájú ògiri yìnyín, tó ń já ṣòòròṣò sínú omi aláwọ̀ wàrà yẹn, tó tún ń gbéra, má ṣe rò pé ṣe ni wọ́n ń ṣeré. Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ, yìnyín ló sì gbé e wá fún wọn láti ìsàlẹ̀ omi.

Mi ò sọ pé gbogbo omi tó bá sún mọ́ yìnyín ló lọ́ràá o. Ìyẹ̀fun òkúta yẹn máa ń dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ́wọ́, ewéko inú omi ò sì lè gbèrú níbi tí oòrùn ò dé. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kan náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ní àfonífojì Copper River, tó wà lápá ìlà oòrùn Seward, nígbà tí omi odò bá fà nígbà ìwọ́wé, ìyẹ̀fun tó gbẹ sẹ́bàá odò máa ń bá ìjì gbéra, á fò lọ sójú agbami. Irin wà nínú eruku yẹn, irin sì ni ohun tó máa ń wọ́n ewéko tíntìntín ojú òkun níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewéko yẹn ni oúnjẹ inú òkun ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àbùùbùtán tó ń wá láti Hawaii, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan tí wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan, tìtorí oúnjẹ ni wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ wá sí òkun Alaska.

Ó wá ku séálì, ẹran omi tí mo rò pé òun ló yẹ kí gbogbo èrò ọkọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní èbúté. Tí ọ̀gá atukọ̀ bá pa ẹ́ńjìnnì níwájú Aialik Glacier, ẹ óò rí ègé yìnyín tó fọ́n ká ojú omi, òmíràn tó tábìlì, òmíràn tó mọ́tò. Àwọn nǹkan kan wà lórí wọn tó dà bí òkúta. Ẹ gbé awò sójú. Òkúta náà ní ojú méjì ròbòtò, irun gígùn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, ó sì ń wò yín. Tó bá jẹ́ oṣù June, ẹ tún wò ó dáadáa, ẹ lè rí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ níkùn.

Láàárín oṣù May sí July ni séálì máa ń bímọ níbẹ̀. Ọmọ náà lè lúwẹ̀ẹ́ láìpẹ́ tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n kó tó mu ọmú yó, kó tó sanra débi tí ọ̀rá á fi máa gbà á lọ́wọ́ òtútù, ó nílò ibi gbígbẹ tó máa sùn. Tó bá sùn sí etíkun, béárì àti ìkookò lè bá a níbẹ̀. Lórí yìnyín tó léfòó, wọn ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orca, ẹran omi ńlá tó ń pa séálì jẹ, kì í sì í rọrùn fún un láti ṣọdẹ láàárín ègé yìnyín tó kún bámúbámú. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tí etí lè gbọ́. Afẹ́fẹ́ tí yìnyín ti há mọ́nú láti ọdúnmọ́dún máa ń bú jáde bó ṣe ń yọ́, á máa ta pàrà pàrà bí iná tó mú igi gbígbẹ. Lábẹ́ omi, ariwo yẹn lágbára gan-an: àwọn onímọ̀ tó fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ ní Icy Bay, ní Alaska kan náà, rí i pé irú ibẹ̀ wà lára ibi tí ariwo ti pọ̀ jù nínú òkun. Nígbà tó jẹ́ pé etí ni orca fi ń wá ẹran, wọ́n rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ariwo náà máa bo séálì láṣìírí.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi, kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ. Lọ́dún 1887, lórí Muir Glacier ní Alaska, wọ́n rí ekòló dúdú kan tó ń rìn lórí yìnyín. Ìbátan ekòló inú ilẹ̀ tá a mọ̀ ni, gígùn rẹ̀ kò ju ìwọ̀n èékánná lọ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ni Mesenchytraeus solifugus. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn túmọ̀ sí ẹni tó ń sá fún oòrùn. Lọ́sàn-án, inú yìnyín ló máa ń wà. Tí oòrùn bá ń wọ̀, á yọ jáde wá jẹ ewéko tíntìntín tó ń hù lórí ìrì dídì. Ooru díẹ̀ tí àwa máa pè ní òtútù ti pọ̀ jù fún un: ara rẹ̀ á dẹ̀, á sì kú. Wọ́n wà lórí Harding Icefield títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Láti inú ọkọ̀, ojú ò lè tó wọn, ṣùgbọ́n òkè funfun tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ilé wọn ni.

Èrò òdì yìí ní àbúrò kan. Tí ègé yìnyín tó tó ilé bá já, tí ìró rẹ̀ dún bí àrá, ẹnì kan kì í ṣàì sọ pé, “Ó ti ń kú lọ nìyẹn.” Rárá. Odò yìnyín tó bá ti dé òkun gbọ́dọ̀ máa já, yálà ara rẹ̀ le tàbí kò le. Hubbard Glacier, tó wà lápá ìlà oòrùn lọ́hùn-ún, ń já sómi lójoojúmọ́, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ síwájú ni; ó tẹ̀ síwájú débi pé lọ́dún 1986, àti lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún 2002, ó dí ẹnu Russell Fiord pa. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ti Hubbard tu ara rẹ̀ nínú, torí àwọn tó ń fà sẹ́yìn ní Alaska ló pọ̀ jù. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ: bí ìrì dídì tó ń já sókè kò bá kájú èyí tó ń yọ́ tó sì ń já nísàlẹ̀, odò yìnyín á máa kúrú, láriwo tàbí láìsí ariwo.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè fojú ara yín rí i kò sí lójú òkun. Exit Glacier ni, èyí tí ọ̀nà mọ́tò láti Seward dé ìtòsí rẹ̀. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ síbi tí etí yìnyín dé lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò kọjá 1917, ẹ óò kọjá 1951, ẹ óò dé 2005, yìnyín ṣì wà níwájú. Ààrẹ Obama rìn níbẹ̀ lọ́dún 2015. Kò sí ìró àrá kankan níbẹ̀. Tí Aialik náà bá fà sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò nínú òkun, kò ní sí ègé tó máa já sómi mọ́, ibùsùn séálì á sì tán nìyẹn.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí yìnyín àti ẹranko níbi tí wọ́n ti jọ ń gbé, ẹ yan ìrìn àjò tó gùn. Èyí tó jẹ́ wákàtí mẹ́rin sábà máa ń parí sínú Resurrection Bay. Wákàtí mẹ́fà sókè lẹ fi lè dé ibi tí yìnyín ti kan òkun. Agbami wà láàárín, ìgbì rẹ̀ kì í ṣeré, kí ẹni tí òòyì máa ń kọ́ lójú omi lo oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn bì kó tó wọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ̀gá atukọ̀ lẹ́nu pé kó sún mọ́ yìnyín sí i. Yìnyín máa ń já lábẹ́ omi náà, á sì ta yọ sókè bí ọfà, níbi tẹ́nikẹ́ni ò fọkàn sí. Ìdí kejì ni séálì. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1972 kà á léèwọ̀ láti da ẹran omi láàmú, àwọn aláṣẹ sì gbani nímọ̀ràn pé kí ọkọ̀ jìnnà tó yáàdì 500 sí séálì níwájú yìnyín. Wọn ò fẹnu lásán sọ ọ́. Ní Disenchantment Bay, níwájú Hubbard, àwọn onímọ̀ ka séálì nígbà tí ọkọ̀ ńlá ń kọjá, wọ́n sì rí i pé tí ọkọ̀ bá ti wọ ìwọ̀n mítà 500, púpọ̀ sí i nínú wọn ló ń bẹ́ sómi. Tí ìyá bá bẹ́, ọmọ lè sọnù.

Tí ẹ́ńjìnnì bá wá dákẹ́, tí gbogbo fóònù kọjú sí ògiri yìnyín tí wọ́n ń retí kó já, ẹ gbé awò yín sójú, kí ẹ máa wo ègé tó ń léfòó wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí kan á gbé sókè, á wo ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, imú rẹ̀ á máa mì. Tó bá tún dá orí náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, tó pa ojú dé, ọkọ̀ yín jìnnà tó.