Ètò ìgbẹ̀yìn ayé fún ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe

Ètò ìgbẹ̀yìn ayé ni ọ̀rọ̀ àti ìwé tí ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe fi sílẹ̀ nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé: irú ìtọ́jú tó fẹ́, ẹni tí yóò máa gbẹnu sọ fún un, ibi tó fẹ́ kú sí àti bí wọn yóò ṣe pín ogún rẹ̀. Àwọn dókítà ń pe àrùn náà ní dementia. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Alzheimer, tí Alois Alzheimer, oníṣègùn ará Jámánì, kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1906. Ní Abẹ́òkúta, "ìyá ti ń ṣarán" ni ará ilé sábà máa ń sọ, wọ́n á sì kà á sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí lásán.

Ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe lè pe àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó ní ọ̀sẹ̀ tó máa kú. Àrùn ìgbàgbé kì í sábà fúnni láyè bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn ní ọdún mélòó kan ṣáájú ikú. Ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, lè máa po aró rẹ̀ bó ṣe yẹ síbẹ̀, kó sì gba owó aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì lè sọ ohun tó fẹ́, bí wọ́n bá bi í láàárọ̀ tí ara rẹ̀ balẹ̀, ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Ní ìpele ìkẹyìn, ẹ̀kọ mímu gan-an á di iṣẹ́. Oúnjẹ á dúró lẹ́nu, omi á gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn àyà tó ń tẹ̀lé e sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń ti imú kì bọ ikùn máa ń délẹ̀. Àwọn oníṣègùn arúgbó kì í sábà dámọ̀ràn rẹ̀, torí kò hàn pé ó ń mú ẹ̀mí gùn. Ṣíbí ni wọ́n ní kí wọ́n fi máa bọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, ní ìjókòó. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 mọ ẹ̀tọ́ aláìsàn láti kọ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kọ rọ́bà láìjẹ́ pé òbí ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ lè gbọ́ ọ lẹ́nu mọ̀lẹ́bí pé ó febi pa ìyá rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, láti 1954. Níbẹ̀ ni Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, ti fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé àyíká pẹ̀lú ìbátan tó ń tọ́jú wọn. Orúkọ Àrò fúnra rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àwọn àgbà kan fẹ́ lọ síbẹ̀: "Ṣé wèrè ni mí ni?"

Ìwé àṣẹ aṣojú (power of attorney), tí èèyàn fi ń yan ẹni tí yóò máa ṣe nǹkan lórúkọ rẹ̀, kò tó lásán. Lábẹ́ òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, agbára rẹ̀ máa ń dópin bí iyè ẹni tó kọ ọ́ bá ti lọ, ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀ jù gan-an. Wíìlì ní tirẹ̀ ń fẹ́ iyè pípé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àti ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Lẹ́tà dókítà ọjọ́ náà sì wúlò bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé bàbá ti ń ṣarán nígbà náà. Bí kò bá sí wíìlì, àṣà lè pín dúkìá ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó, tàbí ní orí-ò-jorí, ní iye ọmọ. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí a máa tẹ̀lé ìpín Ìsìláàmù.

Sàárè náà wà lára ètò yìí. Ní àwọn agbo ilé àtijọ́, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí. Àwọn mìíràn ń fẹ́ ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé òkú àwọn dé mọ́ṣúárì rárá.