Ìwé Tí Kò Ní Ọdún: Bí Kàlẹ́ńdà Hijra Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí Umar bin Khattab jẹ́ kálífà, ìyẹn olórí àwọn Mùsùlùmí, ní Mẹ̀dínà, Abu Musa al-Ashari ni gómìnà rẹ̀ ní Basra, ní ilẹ̀ Ìráàkì. Àwọn onítàn sọ pé gómìnà yìí kọ̀wé sí Umar pé àwọn lẹ́tà tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá kò ní ọjọ́ nínú, òun kò sì mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìtàn mìíràn ní ìwé gbèsè kan ni wọ́n gbé wá síwájú Umar fúnra rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé inú oṣù Ṣáábánì ni kí wọ́n san owó náà. Umar bá bèèrè pé: Ṣáábánì wo? Èyí tó kọjá ni, àbí èyí tí a wà nínú rẹ̀, àbí èyí tó ń bọ̀?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó ń jẹ́ Ṣáábánì. Oṣù wà lójú ọ̀run, tẹrú tọmọ ló ń rí i. Ọdún ni kò ní nọ́ńbà. Orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni àwọn Lárúbáwá fi ń pe ọdún, bí Ọdún Erin, ìyẹn ọdún tí àwọn ọmọ ogun kó erin wá bá Mẹ́kà jà. Àwọn àgbà tiwa náà kà á bẹ́ẹ̀: ọdún tí eéṣú jẹ oko, ọdún tí ọba báyìí gorí ìtẹ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe mọ oṣù? Nínú èdè Yorùbá, oṣù tó ń yọ lókè àti oṣù tí a ń kà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ìdáhùn sì wà níbẹ̀. Láti oṣù tuntun kan dé òmíràn, bí a bá pín in dọ́gba, ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44 ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òṣùpá àti oòrùn jọ ń yọ, wọ́n jọ ń wọ̀, a kì í sì í rí i rárá. Lẹ́yìn náà ni òṣùpá á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́yìn oòrùn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójúmọ́. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oòrùn á wọ̀, a ó sì rí i tín-ín-rín ní ìwọ̀-oòrùn. Ní ilẹ̀ wa, ó sábà máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ni. Bóyá ohun tí àwọn àgbà ń wò nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sán ni yóò máa yọ, tí yóò sì wọ̀ láàárín òru. Àrànmọ́jú ní tirẹ̀ ń yọ bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ilẹ̀ á mọ́ kó tó lọ. Lẹ́yìn èyí, òru ló ń yọ. Ẹni tó bá jí jẹ sàárì ní òpin Ramadan ló ń rí i ní ìlà-oòrùn, títí yóò fi wọnú ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ni oṣù tuntun ń hàn, ìrọ̀lẹ́ náà ni ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ fún Mùsùlùmí. Ìdí nìyí tí a fi ń kírun Tarawih, ìrun òru Ramadan, ṣáájú àwẹ̀ àkọ́kọ́.

Oṣù 12 báyìí kò ju ọjọ́ 354 lọ, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn. Kí Ìsìláàmù tó dé, ìdílé kan nínú ẹ̀yà Kinana ló ń kéde ìgbà tí wọn yóò sún oṣù síwájú, àwọn onítàn kan ní kí ó lè bá ọdún oòrùn mu ni. Àwọn jagunjagun a sì máa lo àǹfààní yìí láti yẹ oṣù tí ìjà jẹ́ èèwọ̀ nínú rẹ̀. Àlùkùránì fòfin de àṣà náà, Ànọ́bì Muhammad sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwàásù Hájì ìdágbére ní 632. Láti ìgbà náà ni Ramadan ti ń rìn yí ọdún ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ooru gbígbóná ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní December 1998, inú ọyẹ́ la bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀. Ní 2014, ìparí June, inú òjò ni. Ní 2030, Ramadan yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ní January àti ní December. Àánú ńlá ni mo ka èyí sí: kò sí ìlú tí ọjọ́ gígùn yóò máa bọ́ sí lọ́wọ́ títí ayé.

Umar pe àwọn alábàárò jọ, ní nǹkan bí ọdún 17 lẹ́yìn Hijra, ìyẹn ìgbà tí Ànọ́bì ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, tó jẹ́ nǹkan bí 638. Níbo ni kí ọdún ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan ní ìbí Ànọ́bì, àwọn kan ní ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ní ikú rẹ̀. Ìtàn gbé e fún Ali pé òun ló ní kí wọ́n kà á láti ìgbà tí Ànọ́bì ṣí kúrò ní Mẹ́kà. Ìyẹn ni wọ́n fọwọ́ sí. Wọ́n fi Muharram ṣíwájú, oṣù tí àwọn èèyàn ń ti Hájì padà wálé. Ọdún kìíní sì ti fi oṣù méjì ó lé díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí Ànọ́bì tó wọ Mẹ̀dínà.

Ìwé wá ní ọdún, ṣùgbọ́n ojú ṣì ni ó ń pinnu oṣù. Ànọ́bì ti na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀mẹta láti fi hàn pé oṣù lè pé 30. Nígbà tó fẹ́ sọ 29, ó ká àtàǹpàkò kan ní ẹ̀kẹta. Ó ní bí ìkùukùu bá bo oṣù, ẹ ka Ṣáábánì, oṣù tó ṣáájú Ramadan, pé 30.

Àríyànjiyàn tó ń bá wa jà lọ́dọọdún pẹ̀lú kì í ṣe tuntun. Kuraib, ìránṣẹ́ Ibn Abbas, ti Síríà dé Mẹ̀dínà, ó ní òru Jímọ̀ ni àwọn rí oṣù Ramadan níbẹ̀. Ibn Abbas, ọmọ arákùnrin bàbá Ànọ́bì, ní òru kejì rẹ̀ ni àwọn ará Mẹ̀dínà rí i, wọn kò sì ní tẹ̀ lé ti Síríà. Ní Nàìjíríà lónìí, Súlítánì Ṣókótó ló ń gba ìròyìn láti ìlú gbogbo, tó sì ń kéde. Kí ìkéde náà tó jáde, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 Ṣáábánì ti bá àwọn èèyàn ní gbangba, wọ́n kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn á wọ̀, ó sì lè má tó wákàtí kan tí oṣù tuntun náà yóò fi tẹ̀ lé e wọlẹ̀.