Kí ló dé tí èèyàn ń sanwó kó lè fẹsẹ̀ rìn? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìsinmi ìrìn ẹsẹ̀ ní Cinque Terre

Etíkun kan wà ní agbègbè Liguria, ní Ítálì, tí abúlé 5 tò sí: Monterosso, Vernazza, Corniglia, Manarola àti Riomaggiore. Cinque Terre ni wọ́n ń pe gbogbo wọn pọ̀, ìyẹn Ilẹ̀ Márùn-ún. Àwọn èèyàn máa ń kóra jọ ní mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, wọ́n á gba amọ̀nà, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn láti abúlé kan sí òmíràn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nìyí.

Ìbéèrè: Ṣé mọ́tò ò sí níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó wà, àmọ́ kò ṣeé gbójú lé. Ọ̀nà ọkọ̀ gba orí òkè, ó wá ń ya sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn abúlé ni mọ́tò sì máa ń dúró sí. Rélùwéè ló ń ṣiṣẹ́ jù. Láti àwọn ọdún 1870 ni ojú irin tó so ìlú Genoa mọ́ ìlú La Spezia ti gba inú òkè kọjá níbẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló sì ń gbà láti abúlé kan dé èkejì. Kó tó dé, ẹsẹ̀, ìbaaka àti ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń lò. Ojú ọ̀nà àgbẹ̀ àti ìbaaka yẹn gan-an làwọn àlejò ń rìn lónìí. Ẹni tó ń rìn kò rìn nítorí àìní. Ó lè rìn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kó wọ rélùwéè padà síbi tó ti sùn. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí ibẹ̀ dára fún ẹni tí ò ṣe irú ìsinmi yìí rí nìyẹn.

Ìbéèrè: Wọ́n ní àmì wà lójú ọ̀nà. Kí la wá ń sanwó amọ̀nà fún?

Ìdáhùn: Àmì wà lóòótọ́. Ọ̀dà pupa àti funfun ni, ara òkúta lẹ ó ti máa rí i, ọmọdé lè tẹ̀ lé e. Ohun tí ọ̀dà ò lè sọ ni pé ọ̀nà tó wà níwájú yín ya lulẹ̀ lánàá. Ọ̀nà etíkun tí wọ́n ń pè ní Sentiero Azzurro tó nǹkan bíi kìlómítà 12, àmọ́ kì í sábà ṣí tán látòkè délẹ̀. Apá tó wà láàárín Corniglia àti Manarola ti wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ní láti gun òkè dé abúlé Volastra kó tó tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan sì wà tí èrò á pọ̀ débi pé wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn máa ti Monterosso lọ sí Vernazza, kí ẹnikẹ́ni má ti ìhà kejì bọ̀. Amọ̀nà ti mọ gbogbo èyí kí ẹ tó jẹun àárọ̀.

Owó náà sábà máa ń kó yàrá mọ́ ọn, àti ẹni tí yóò bá yín gbé ẹrù ńlá lọ síbi tí ẹ ó sùn, tó fi jẹ́ pé omi àti aṣọ òjò nìkan lẹ ó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Kí ẹ tó san án, ẹ béèrè bóyá owó ìwọlé ọ̀nà etíkun wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá amọ̀nà ní ìwé àṣẹ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọ̀nà ibẹ̀ ń ya bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òkè ibẹ̀ kì í rọra dé òkun, ṣe ló já sínú omi. Kò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú tí wọ́n lè fi dáko. Láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn làwọn àgbẹ̀ ti ń gé ara òkè ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn. Wọ́n á fi òkúta mọ ògiri síwájú ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó erùpẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á gbin àjàrà àti igi ólífì. Kò sí sìmẹ́ńtì lára ògiri náà, kò sí amọ̀. Òkúta lórí òkúta ni. Àlàfo àárín òkúta ni omi òjò ń gbà jáde. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì dí i, omi á kóra jọ sẹ́yìn ògiri, á sì tì í ṣubú. Cinque Terre ti wà lára Ibi Ogún Àgbáyé ti UNESCO láti 1997, ní 2018 sì ni wọ́n ka ọgbọ́n mímọ ògiri bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ogún àṣà, ní orúkọ Ítálì àti orílẹ̀-èdè 7 mìíràn.

Àmọ́ irú ògiri yìí ń fẹ́ ìtọ́jú lọ́dọọdún. Òkúta kan yọ, ẹ dá a padà kíá. Nígbà táwọn ọmọ àgbẹ̀ wá ríṣẹ́ ní La Spezia, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi, ta ló tún fẹ́ máa ru apẹ̀rẹ̀ àjàrà gun òkè? Igbó gba oko, ògiri ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 2011, òjò ńlá rọ̀, àgbàrá gbé ẹrẹ̀ àti òkúta wọ Vernazza àti Monterosso, ẹ̀mí sì bá a lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òkúta já lu àlejò 4 láti Ọsirélíà lójú Via dell'Amore, ọ̀nà tó so Riomaggiore mọ́ Manarola. Ọ̀nà yẹn ò ju nǹkan bíi kìlómítà kan lọ, síbẹ̀ 2024 ni wọ́n tó tún un ṣí pátá.

Amọ̀nà tó mọṣẹ́ á dá yín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan tó ti wú síta bí ikùn aboyún, á ní, "Èyí ló kàn." Èmi ò mọ àmì ọ̀dà tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ kékeré ńkọ́? Ṣé kí owó lè wọ́n ni?

Ìdáhùn: Ó ń mú un wọ́n, ká má parọ́. Àmọ́ níbòmíràn ọ̀nà náà ò gbà ju èèyàn kan lọ. Tí ẹgbẹ́ ńlá méjì bá pàdé, ọ̀kan á fẹ̀yìn ti òkè, èkejì á máa wo ọ̀gbun. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àmọ́ ọgbọ̀n ejò ò lè gba ojú ọ̀nà yìí.

Ìbéèrè: Ṣé agbára mi á gbé e?

Ìdáhùn: Ẹ má wo kìlómítà, àtẹ̀gùn ni kí ẹ wò. Monterosso sí Vernazza ò ju kìlómítà 3 sí 4 lọ, àmọ́ ó lè gbà tó wákàtí méjì. Láti ibùdó rélùwéè Corniglia sókè sínú abúlé, àtẹ̀gùn 382 ni. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọ́dọ̀ fojú di sísọ̀kalẹ̀, torí òun ló ń pa orúnkún ju gígun òkè lọ. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì á ràn án lọ́wọ́. Ẹ má wọ sílípáàsì o. Ní 2019, àwọn aláṣẹ kéde owó ìtanràn tó bẹ̀rẹ̀ láti 50 yúrò dé 2,500 yúrò fún ẹni tó bá fi irú bàtà bẹ́ẹ̀ gun òkè.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló dáa jù?

Ìdáhùn: Oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, tàbí oṣù Kẹsàn-án. Oòrùn oṣù Kẹjọ kò láàánú, èrò sì pọ̀ bí eéṣú.

Ìbéèrè: Kí la ó máa jẹ?

Ìdáhùn: Ẹja wẹ́wẹ́ Monterosso, búrẹ́dì focaccia tí wọ́n da òróró ólífì sí, àti pesto. Ìbátan efinrin wa ni wọ́n fi ń ṣe pesto, wọ́n á gún un nínú odó pẹ̀lú áyù, wàràkàṣì àti òróró. Kódà ọ̀rọ̀ "gún" ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Wáìnì dídùn Sciacchetrà wà pẹ̀lú, àjàrà tí wọ́n sá títí ó fi rọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún, ó wọ́n.

Ìbéèrè: Físà ńkọ́?

Ìdáhùn: Físà Schengen ni ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà á gbà, bó bá tiẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbánigbófò ìlera (insurance) tí kò kéré sí 30,000 yúrò wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa bóyá ó gba ìrìn orí òkè mọ́ra.

Ìbéèrè: A ti sanwó tán, amọ̀nà wá ní òjò ń bọ̀, a ò lọ mọ́. Ṣé ká bá a jà?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí agbègbè bá ti kéde ewu òjò, wọ́n máa ń ti àwọn ọ̀nà. Ẹ wọ rélùwéè lọ sí Monterosso, ẹ jókòó ti ẹja yín, kí òjò máa rọ̀.