Kéèkì tí kò ní fúláwà, tí kò ní ṣúgà: kí ló ń gbé e ró?

Kéèkì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbọn ṣe dípò fúláwà máa ń tan ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é. Nínú oven, á wú, orí rẹ̀ á ga bíi ti kéèkì ọjọ́ ìbí. Kó tó tutù tán, àárín rẹ̀ á ti jìn wọnú, ìdí rẹ̀ á rin bíi mọ́ínmọ́ín tí iná kò ká, òórùn ẹyin á sì gba gbogbo ilé kan. Ẹni tó ṣe é á ní baking powder ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé wọ́n yọ ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìkòkò dúró lé kúrò, wọn ò sì fi nǹkan kan dípò.

Ààrò mẹ́ta náà ni gluten, sítáàṣì àti ṣúgà.

Gluten ló lókìkí jù nínú wọn. Púrótéènì méjì tó wà nínú àlìkámà, gliadin àti glutenin, ló ń bí i. Bí omi bá kàn wọ́n tí ọwọ́ sì ń pò wọ́n, wọ́n á so mọ́ra wọn, wọ́n á di ohun tó ń fà bíi rọ́bà. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ bu pọ́fùpọ́ọ̀fù sínú òróró gbígbóná rí ti rí bó ṣe ń ta okùn. Inú okùn yẹn ni afẹ́fẹ́ ń há sí. Búrẹ́dì fẹ́ ẹ gan-an, ṣùgbọ́n kéèkì ò fẹ́ púpọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníkéèkì fi ń kìlọ̀ pé bí fúláwà bá ti wọlé, kí èèyàn má rò ó jù, kó má baà le. Nínú kéèkì, sítáàṣì inú fúláwà ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ó ń mu omi, ó ń ki bí ògì ṣe ń ki lórí iná, bó bá sì ti ki tán, ibi tí afẹ́fẹ́ wà kò lè wó mọ́.

Ìyẹn ni pé kéèkì tí kò ní gluten kò le rárá láti ṣe. Ẹ fi ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí ti gbágùúdá dípò àlìkámà, kéèkì á dúró, nítorí sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá ní òun ò fẹ́ sítáàṣì náà mọ́ ni wàhálà dé.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rí “gluten-free”, ìyẹn aláìní-gluten, lára páálí kéèkì ní súpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n rò pé oúnjẹ alátọ̀gbẹ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gàrí kò ní gluten, láfún kò ní in, èlùbọ́ iṣu kò ní in, ògì kò ní in. Kò sì sí alátọ̀gbẹ tí a óò sọ fún pé kó máa jẹ wọ́n bó ṣe wù ú. Nínú gíráàmù 100 fúláwà àlìkámà, kábọ̀háídíréètì, ìyẹn sítáàṣì, ṣúgà àti irú wọn, tó bíi gíráàmù 75. Ti ìyẹ̀fun gbágùúdá lé ní 80. Ẹni tó sá fún àlìkámà lọ bá gbágùúdá nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, iwájú ló ń lọ bá ohun tó sá fún.

Àwọn tí gluten fúnra rẹ̀ ń bá jà ni àwọn tó ní àrùn celiac. Willem Dicke, dókítà ọmọdé kan ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ti ń fura sí àlìkámà kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀ ní 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì wọ́n bí ojú, ara àwọn ọmọ tó ń tọ́jú ń yá. Bí búrẹ́dì ṣe padà dé ni àìsàn náà padà. Fún irú wọn, díẹ̀ náà ti pọ̀ jù. Oúnjẹ tí wọ́n bá kọ gluten-free sí lára ní Amẹ́ríkà tàbí ní Yúróòpù kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 rẹ̀ lọ nínú kílò kan. Ajọ̀ tí wọ́n fi jọ̀ fúláwà ṣin-ṣín lánàá, tí wọn ò fọ̀ dáadáa, ti tó láti ba kéèkì òní jẹ́ fún wọn.

Kí ló wá kù tí kò ní gluten, tí sítáàṣì rẹ̀ sì kéré? Ọgbọ́n kan wà tó rọrùn láti fi dá wọn mọ̀: ohun tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ fún òróró jáde lára rẹ̀ ni. Àgbọn, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, yànmọ̀tí. Irúgbìn tó bá ti kó ọ̀rá pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ kì í sábà tún kó sítáàṣì púpọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fíò ló ba òfin yìí jẹ́: ó ní òróró, ó tún ní sítáàṣì àti ṣúgà pẹ̀lú, adùn rẹ̀ lẹ́nu ti tó ẹ̀rí. Almond náà wà lára wọn, òun sì ni àwọn ará òkè òkun ń lò jù. Kì í ṣe igi fúrúùtù tó máa ń wà lọ́gbà ilé ìwé wa o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń pe ìyẹn ní almond. Ọ̀tọ̀ ni igi tí ìyẹ̀fun inú páálí ti wá, owó rẹ̀ sì ń gbóná. Ẹ̀pà pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe ìyẹ̀fun mọ́, ó ti di èyí tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì.

Àgbọn ló yẹ ilé wa jù, nítorí pé nílé oní-ìrẹsì àgbọn, ohun tí wọ́n ń dà nù gan-an ni ìyẹ̀fun náà. A lọ àgbọn gbígbó pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a fún wàrà rẹ̀ sínú abọ́. Ohun tó kù nínú aṣọ ni èèrí, bíi ti ògì. A tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí tíréè, a gbé e sínú oven tí iná rẹ̀ kéré jù, a sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀ kí ooru omi lè máa jáde. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ni. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn náà lè ṣe é, bí eṣinṣin bá gbà. Tí a bá fi ìka méjì ra á, kó máa dún wẹ́ṣẹ́wẹ́ṣẹ́, kó má lẹ̀ mọ́ra; bó bá ṣì rọ̀, kò tíì yá, yóò bu, olú á hù lára rẹ̀ nínú ike láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà la óò lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ìlọta tí inú rẹ̀ gbẹ, a óò sì jọ̀ ọ́. Kábọ̀háídíréètì inú rẹ̀ dà bí ẹni pé ó pọ̀, bíi 60 nínú gíráàmù 100, ṣùgbọ́n èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ jẹ́ fáíbà, tí ìfun kì í lè sọ di ṣúgà.

Fáíbà yẹn náà ló ń fa kéèkì tó ń gbẹ lọ́fun. Bu ṣíbí ìyẹ̀fun àgbọn méjì sínú ife, da omi ṣíbí mẹ́rin lé e, kí o sì wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún: omi ti pòórá. Ẹni tó bá fi ife kan rẹ̀ dípò ife fúláwà kan ti ń po yanrìn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ife tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló tó dípò ife fúláwà kan, omi ibẹ̀ á sì wá láti inú ẹyin.

Ẹyin ló gba iṣẹ́ sítáàṣì ṣe. Púrótéènì inú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bíi 62°C, èyí tó pọ̀ jù nínú funfun rẹ̀ kò sì dì tán títí di nǹkan bíi 80°C. Bó ti ń dì ló ń sé afẹ́fẹ́ mọ́lé. Bí a bá yọ kéèkì kí ooru tó dé àárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á sún kì bó ti ń tutù, kò sì sí ògiri tí yóò dì í mú. Kòtò tó wà lórí kéèkì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àwọn alákàrà ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí tipẹ́. Àkàrà kò ní àlìkámà, kò ní baking powder, ọwọ́ tó lu ẹ̀wà lílọ̀ náà títí tó fi fúyẹ́ tó sì funfun ló jẹ́ kó wú nínú epo. Kéèkì ni a wá ń pè ní àkàrà òyìnbó! Bí a bá ya funfun ẹyin sọ́tọ̀, tí a lù ú títí tó fi dúró bí òwú, tí a wá rọra dà á pọ̀ mọ́ ìyókù nígbẹ̀yìn, kéèkì àgbọn á fúyẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Fún kéèkì kékeré méjìlá, ìwọ̀n tó sábà máa ń ṣe dáadáa ni gíráàmù 60 ìyẹ̀fun àgbọn, ẹyin mẹ́fà, gíráàmù 100 bọ́tà tí a ti yọ́, mílílítà 100 wàrà àgbọn, nǹkan bíi gíráàmù 100 ìrọ́pò ṣúgà (bíi erythritol, tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀), ṣíbí tíì kan ààbọ̀ baking powder, iyọ̀ díẹ̀, fàníllà àti nọ́tímẹ̀ẹ̀gì. Kí ẹyin ti kúrò nínú fíríìjì tipẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́tà á dì kókó-kókó nínú rẹ̀. Tí a bá ti pò ó tán, kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ìyẹ̀fun náà mumi yó, ká tó bù ú sínú bébà. Àwọn kan ń fi xanthan ìdajì ṣíbí tíì sí i, lẹ́búlẹ́bú kan tó ń yọ̀ bí ilá, tí ń di omi àti afẹ́fẹ́ mú. Ó wúlò, àmọ́ ẹyin mẹ́fà ti tó. Kábọ̀háídíréètì tí ara lè lò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju bíi gíráàmù méjì lọ. Ti kéèkì oní-fúláwà bẹ́ẹ̀ lè lé ní 25. Ọ̀rá rẹ̀ kò kéré ṣá, nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ ẹni tó fẹ́ fọn.

Ṣúgà ló kù, òun sì ni èèyàn máa ń fojú kéré jù. Adùn nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń di omi mú kí kéèkì má gbẹ, ó ń jẹ́ kó rọ̀, ó ń pa á láró pupa, ó sì ń lé olú sẹ́yìn. Nínú àwọn ohun adùn tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀, stevia, tó wá láti ara ewé kan, dùn tó ìlọ́po 200 sí 300 ṣúgà, ẹ̀kán díẹ̀ ló tó fún gbogbo kéèkì, ṣùgbọ́n ẹ̀kán díẹ̀ kò lè gba ipò gíráàmù 200. Erythritol ní ìwọ̀n bíi ti ṣúgà, adùn rẹ̀ tó bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá ti ṣúgà, ara kì í sì í lò ó. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń tutù lẹ́nu bíi mẹ́ńtóọ̀lù, bí kéèkì bá sì tutù ó lè padà di hóró tí ń dún láàárín eyín. Kí a lọ̀ ọ́ kúnná ká tó lò ó. Allulose ló jọ ṣúgà jù nínú gbogbo wọn, ó tiẹ̀ ń pupa lórí iná, ó kàn ṣòro rí ni. Xylitol dùn dáadáa, àmọ́ bí ajá bá wà nílé, kó má ṣe wọlé: díẹ̀ rẹ̀ lè pa ajá. Ní ti oyin àti dàbínù tí àwọn kan ń fi rọ́pò, ṣúgà náà ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀.

Baking powder ni kò yí padà. Alfred Bird ló ṣe irú rẹ̀ kan ní Birmingham ní 1843, nítorí ìyàwó rẹ̀ tí ikùn rẹ̀ kò gba búrẹ́dì oní-yeast. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí oúnjẹ ń bá jà ni wọ́n ṣe ṣe é. Ká da ṣíbí kan rẹ̀ sínú omi gbígbóná. Bí kò bá hó yàà, ó ti kú. Sítáàṣì àgbàdo sábà máa ń wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò tó nǹkan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kéèkì kékeré la ṣe? Nítorí pé kéèkì aláìní-fúláwà kò lágbára láti gbé ara rẹ̀ ró nínú agolo fífẹ̀. Nínú ife kékeré, ògiri sún mọ́ àárín, ooru tètè débẹ̀, ẹyin dì kí afẹ́fẹ́ tó sá lọ. 170°C, ìṣẹ́jú 20 sí 25. Ẹni tí kò ní oven lè lo ìkòkò oníyanrìn: yanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀, irin tí yóò gbé agolo sókè, ọmọrí tó dé dáadáa, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kí kéèkì tó wọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ ni iná ibẹ̀ ti ń wá, erythritol kì í sì í pupa, nítorí náà ẹni tó bá dúró de kí orí kéèkì pọ́n, ìdí rẹ̀ ni yóò jó. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun kan tí a ti fọ̀ ni ká fi gún àárín rẹ̀. Bó bá jáde láìlẹ̀, ó ti jinná, ì báà funfun.

Kó tutù pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó bó bébà lára rẹ̀, nítorí ní gbígbóná, ìdajì rẹ̀ á bá bébà lọ. Òórùn ẹyin náà á ti lọ sílẹ̀ púpọ̀ bó bá di ọjọ́ kejì, àgbọn àti nọ́tímẹ̀ẹ̀gì á sì wá jáde lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, inú fíríìjì ni: kò sí ṣúgà tí yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ olú.